Énsáìmù mi hàn lórí gel, kò gé sítáàṣì. Ṣé kí n gbé e lọ sínú fermenter?

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń ṣe PhD lọ́wọ́ ní yunifásítì kan níbí, mo sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ 200 level. Iṣẹ́ mi dá lórí alpha-amylase, énsáìmù tó ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́. Ara Bacillus licheniformis, bakitéríà kan, ni jíìnì rẹ̀ ti wá. A fi í sínú plasmid pET (òrùka DNA kékeré tó ń gbé jíìnì), a wá gbé plasmid náà fún E. coli BL21(DE3), bakitéríà tó ń bá wa ṣe énsáìmù náà. Ohun tí a fẹ́ fi ṣe ni láti sọ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ di ṣúgà olómi.

Tí mo bá fi IPTG (kẹ́míkà tó ń ṣí jíìnì náà) 1 mM sí i ní 37°C, tí mo gbé odindi sẹ́ẹ̀lì lọ sórí gel tó ń to purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi sí, ìlà ńlá kan máa ń yọ ní nǹkan bíi 55 kDa, ìwọ̀n énsáìmù mi. Ó nípọn débi pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí rárá yóò rí i. Àmọ́ tí mo bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì yẹn, tí mo da omi rẹ̀ sí sítáàṣì, tí mo kán áyódíìnì lé e, dúdú ló ń dúdú. Kò sí ohun tí énsáìmù gé.

Ọ̀gá mi ní kí n má fi àkókò ṣòfò mọ́, kí n gbé e lọ sínú fermenter (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀) 5 lítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún wa, pé tó bá ti pọ̀ a ó rí i. Ọkàn mi ò gbà á. Iná wa kò dúró sójú kan, shaker wa, ẹ̀rọ tó ń mi ìgò, kì í sì í tutù ju inú yàrá lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Láàbù
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kí o tó gbé nǹkan kan lọ síbì kan, dá mi lóhùn: nígbà tí o fọ́ sẹ́ẹ̀lì tán tí o yí i nínú centrifuge (ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ya gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò lára omi), ṣé o gbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ sórí gel, àbí o dà á nù? Odindi sẹ́ẹ̀lì lórí gel kò sọ ibi tí purotéènì wà. Ó kàn ń sọ pé ó wà ni.

Bí mo ṣe ń ní kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi ṣe é nìyí. Bu díẹ̀ kí o tó fi IPTG sí i. Bu òmíràn nígbà tí o bá fẹ́ kó sẹ́ẹ̀lì jọ. Lẹ́yìn tí o bá fọ́ ọ, bu díẹ̀ kí o tó yí i. Yí i ní 12,000 g fún 20 ìṣẹ́jú ní 4°C. Kó omi òkè sọ́tọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù, fi buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) tí iye rẹ̀ bá ti omi tí o kó kúrò mu gẹ́lẹ́ pò ó. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń tan ara wọn jẹ: wọ́n á fi omi díẹ̀ pò ó, wọ́n á ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ní purotéènì jù, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Iye kan náà ni kí o gbé sínú ihò gel fún gbogbo wọn.

Ó jọ ẹni tó sẹ́ ògì kalẹ̀ tó wá ń wá oúnjẹ nínú omidùn. Ohun tó ń wá wà nísàlẹ̀.

Kí o má sì gbàgbé ẹlẹ́rìí o. E. coli kan náà, plasmid pET kan náà, ṣùgbọ́n tí kò ní jíìnì rẹ nínú. E. coli ní amylase tirẹ̀ díẹ̀, bí o kò bá ní ẹlẹ́rìí, o lè máa yọ̀ lórí iṣẹ́ tí kì í ṣe tìrẹ.

Ará_Yábàá
Ẹ fi sequence rẹ̀ (bí amino acid rẹ̀ ṣe tò tẹ̀léra) sínú AlphaFold, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ bí purotéènì ṣe máa rí, ẹ ó rí ibi tó ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds
Àbúrò, mo ń fi fermenter jẹun, mo sì ń sọ fún ọ pé kí o má tíì fọwọ́ kàn án. Fermenter kì í tún purotéènì tó ti dì ṣe. Yóò kàn bá ọ sọ ọ́ di púpọ̀ ni.

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn. BL21(DE3) ní T7 RNA polymerase, énsáìmù tó ń ṣe ẹ̀dà RNA, nínú, bí o bá ti fi IPTG sí i, ẹ̀dà RNA jíìnì rẹ yóò máa ya jáde bí ẹni pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé. Purotéènì ń jáde lọ́wọ́ ribosome, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì, yíyára ju bó ṣe lè ká ara rẹ̀ jọ lọ. Àwọn ibi tó yẹ kó wà ní ìkọ̀kọ̀ nínú rẹ̀, àwọn tí kì í fẹ́ rí omi, yóò wà níta, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ á sì dì. Inclusion body nìyẹn. Tí ooru bá dín kù, gbogbo nǹkan á rọra, purotéènì á ráyè ká jọ. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn fi ń lo 18°C mọ́jú.

Ìbéèrè mi: mílílítà mélòó lo ń dà sínú ìgò mélòó?

Dókítà_Houston
Ẹ rọra, Ará Yábàá. AlphaFold dára gan-an, òun ló mú Demis Hassabis àti John Jumper pín ìdajì ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni bí purotéènì ṣe máa rí tó bá ti ká jọ tán. Bóyá E. coli yóò rí i ká jọ ní 37°C pẹ̀lú IPTG 1 mM, kò dá sí ìyẹn.

Ọmọ Òṣogbo, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó yí ooru padà.

Ṣé ẹ gé signal peptide rẹ̀ kúrò? Nínú Bacillus, ìta sẹ́ẹ̀lì ni énsáìmù yìí ti ń ṣiṣẹ́. Amino acid bíi 29 ló wà níwájú rẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà jáde, Bacillus fúnra rẹ̀ á sì gé e dànù lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú pET bẹ́ẹ̀, apá yẹn kò ní jẹ́ kó sinmi nínú omi sẹ́ẹ̀lì. SignalP wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ lẹ sequence yín sí i, yóò fi ibi tí wọ́n ti ń gé e hàn yín.

Èkejì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Kí ló wà nínú buffer tí ẹ fi ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì? Kálísíọ̀mù ló di amylase yìí mú. Bí kálísíọ̀mù bá ti jáde lára rẹ̀, ara rẹ̀ á tú, pàápàá tí ibẹ̀ bá gbóná. EDTA, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti já kálísíọ̀mù gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí wọ́n ń pín kiri fún fífọ́ E. coli ló ní EDTA, nítorí pé ó ń ran lysozyme tó ń fọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, ó sì ń dí àwọn protease (énsáìmù tó ń gé purotéènì) kan lọ́wọ́. Fún purotéènì ẹlòmíràn, ó dáa. Fún tiyín, májèlé ni. Tó bá jẹ́ pé àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí ń dá protease dúró lẹ ń lò, ẹ ka ara páálí rẹ̀, torí àwọn kan ní EDTA nínú, àwọn kan kò ní. Ẹ má lo buffer phosphate náà, òun àti kálísíọ̀mù á pa pọ̀, á di funfun nísàlẹ̀. Tris tàbí HEPES pH 7.5, CaCl2 5 mM, ó tó.

Ìkẹta, ọrọ̀ kan wà lọ́wọ́ yín tí ẹ ò tíì ná. Amylase yìí lè ṣiṣẹ́ ní 90°C. Purotéènì E. coli kò lè dúró débẹ̀. Ẹ gbé omi òkè yín, pẹ̀lú kálísíọ̀mù nínú rẹ̀, sínú omi 70°C fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tún yí i. Purotéènì E. coli tó pọ̀ jù á dì, á sọ̀kalẹ̀, tiyín á wà lókè. Ẹ ò tíì ra nickel resin tí wọ́n fi ń ya purotéènì sọ́tọ̀ kankan nìyẹn.

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Leeds, 200 mílílítà nínú ìgò 500. Dókítà, EDTA 5 mM wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe bá ìlànà yẹn lára ògiri láàbù nìyẹn, gbogbo wa la ń lò ó. Signal peptide ti kúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà lọ wò ó. Ìyá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ò dé orí gel rí. Àmọ́ 18°C tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn, níbo ni mo ti fẹ́ rí i ní Ọ̀ṣun?

Ẹ̀gbọ́n_Leeds
200 nínú 500! Àbúrò, o ń fún wọn lọ́rùn. Ìgò 500, 100 mílílítà ni kó pọ̀ jù, kódà kó dín sí i. Tí ìgò bá kún, ojú omi tó ń kan afẹ́fẹ́ á kéré, ọ́síjìn ò ní wọlé tó. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí mí á bẹ̀rẹ̀ sí í tú acetate jáde, pH á wálẹ̀. Fi kìtìpá owú tàbí fóìlì tí kò le jù bo ẹnu rẹ̀, má fún un pa.

Ìyá_Láàbù
18°C ti àwọn tó wà níbi tí òtútù ti ń fúnra rẹ̀ wá nìyẹn, ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ máa rántí wa o.

Ọmọ mi, bí o ṣe máa ṣe é rèé. Gbé shaker yẹn lọ sí yàrá tó ní AC, tí yàrá bá wà ní 22 tàbí 23, shaker á lè dúró ní 25. Kí ó tó débẹ̀, dín IPTG rẹ kù sí 0.1 mM, kí o sì dán 30°C wò fún wákàtí mẹ́rin ní ọ̀sán. Mo mọ̀ pé gbogbo ìwé ń sọ pé mọ́jú. Ṣùgbọ́n mọ́jú tí iná lọ ní aago méjì òru tí o kò mọ̀, tí shaker dúró, tí sẹ́ẹ̀lì jókòó sísàlẹ̀ ìgò, kí lo fẹ́ fi wé kí? Wákàtí mẹ́rin tí o dúró tì, tí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, ó sàn fún mi ju òru mẹ́ta tí a ò lè ṣàlàyé. Bí iná bá sì lọ láàárín rẹ̀, kọ aago tó lọ àti aago tó dé sínú ìwé rẹ, kí o má fi ìgò yẹn wé àwọn tí iná kò lọ lórí wọn.

Tí IPTG bá wọ́n ọ, lo ìlànà autoinduction: glycerol 0.5%, glúkóòsì 0.05%, lactose 0.2%. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ glúkóòsì tán, kí lactose tó wá ṣí jíìnì náà fúnra rẹ̀. O ò ní dúró máa ka OD (bí sẹ́ẹ̀lì ṣe pọ̀ tó) ní gbogbo ìgbà.

Dókítà_Houston
Àfikún kan sí ti Ìyá. Tí ẹ bá fi DNS, kẹ́míkà tó ń yí àwọ̀ tó bá kan ṣúgà, wọn ṣúgà tí énsáìmù gé jáde, glúkóòsì àti lactose tó ṣẹ́kù nínú autoinduction á hàn bí ẹni pé énsáìmù yín ló ṣe é. Ẹ fi buffer fọ sẹ́ẹ̀lì dáadáa kí ẹ tó fọ́ ọ, kí ẹ sì ní túùbù kan tí ẹ ti fi DNS sínú rẹ̀ kí énsáìmù tó wọ ibẹ̀. Èyí tí ẹ bá kà ní 540 nm nínú túùbù yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ọlọ́jà_Ẹ̀gẹ́
Mo ti ń ka gbogbo yín. Mo ń ṣe sítáàṣì, mo ń ra amylase. Ìbéèrè tèmi rọrùn: sítáàṣì tí àbúrò ń lò yẹn, ṣé ó sè é? Tútù rẹ̀ kò ṣe é gé bọ̀rọ̀. Ti ẹ̀gẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ki láàárín 60 sí 70°C, ìgbà yẹn ni énsáìmù tó ń rí ibi wọlé. Nílé iṣẹ́, a máa ń pò ó dé bíi 30 sí 35%, pH bíi 6, a óò gbé e gba inú ooru 105°C fún ìṣẹ́jú mélòó kan, a óò wá fi sílẹ̀ ní 95 fún wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni glucoamylase tó wá láti ara fúńgọ́ọ̀sì Aspergillus niger máa wọlé, ní 60°C, pH 4.5, kó sọ ọ́ di glúkóòsì. Énsáìmù tí kò bá lè fara da ìpele àkọ́kọ́, kò wúlò fún mi.

Ọ̀rọ̀ kejì, ẹ dárí jì mí. Kí ni E. coli ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí? Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé, owó táṣẹ́rẹ́ la sì ń ta sítáàṣì. Àwọn tó ń ta amylase ń lo Bacillus fúnra rẹ̀, énsáìmù á jáde sínú omi, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì kúrò, ó parí. Kò sí fífọ́ sẹ́ẹ̀lì, kò sí IPTG.

Dókítà_Houston
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ tó bá jẹ́ ọjà. Ṣùgbọ́n tí àbúrò bá fẹ́ yí amino acid kan padà kó wo bí ooru ṣe ń bá énsáìmù jà, E. coli ló yá jù. Iṣẹ́ PhD ni, kì í ṣe ilé iṣẹ́.

Ọlọ́jà_Ẹ̀gẹ́
Ẹni tó bá fún un lówó ìwádìí á béèrè iye tí kílò kan jẹ́. Mo ti dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n_Leeds
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ ò ṣìnà. Àbúrò, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé E. coli ni o fi ń kọ́ nípa énsáìmù, Bacillus ni o máa lò tó bá di ọjà. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò ẹnu fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí.

Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ á ṣì fẹ́ kí fermenter yẹn ṣiṣẹ́, owó ti wọlé sórí rẹ̀. Tí amylase bá ti wà nínú omi òkè, tó sì ń gé sítáàṣì, kí o wá mọ nǹkan wọ̀nyí.

Omi ò lè gba ọ́síjìn púpọ̀. Tí o bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí tó yó, ní 37°C kò ju bíi 7 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ á mu ún tán kíákíá. Gbogbo iṣẹ́ fermenter ni bí ọ́síjìn á ṣe máa wọlé yíyára tó bí wọ́n ṣe ń mu ún. Ṣètò rẹ̀ pé kí DO (ọ́síjìn tó wà nínú omi) má wálẹ̀ ju 30%, kí ẹ̀rọ tó ń rò ó máa yára sí i fúnra rẹ̀ tó bá ti fẹ́ jábọ́. Má da glúkóòsì sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Fi páńpù máa fún un díẹ̀díẹ̀, kí ebi máa pa wọ́n níwọ̀nba, acetate ò ní pọ̀. Glycerol tún rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Fi omi ammonia tún pH ṣe, nitrogen ni fún wọn náà. Antifoam, kán an sí i tó bá ti hó nìkan, torí pé ó ń dí ọ́síjìn lọ́nà.

Ohun tí kò sí nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá: bí iná bá lọ, páńpù afẹ́fẹ́ á dúró, omi inú fermenter á sì fà padà sókè gba inú páìpù afẹ́fẹ́ lọ sínú filter. Filter tó bá ti tutù kò dáàbò bo ọ mọ́, nǹkan mìíràn lè gbabẹ̀ wọlé. Gbé filter yẹn ga ju ojú omi lọ, kí o sì ní kílíìpù lọ́wọ́ tí o máa fi di páìpù náà. Tí DO probe rẹ bá jẹ́ irú èyí tó ní membrane àti electrolyte, ó ń fẹ́ kí iná wà lára rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kó tó sọ òótọ́. Iná lọ, ó di ẹni tí kò mọ nǹkan kan. So control box àti probe mọ́ inverter, kódà tí motor ò bá lè wà lórí rẹ̀.

Ìyá_Láàbù
Fírísà náà ńkọ́? Ọmọ, má fi gbogbo ẹyin sínú fírísà kan. Má fi glycerol stock (sẹ́ẹ̀lì tí a fi glycerol pamọ́ sínú fírísà) nìkan ṣe ìpamọ́. Yọ plasmid náà, fi díẹ̀ sí -20, kán díẹ̀ sórí filter paper, jẹ́ kó gbẹ, kó o sínú àpòòwé nínú dúrọ́ọ̀. DNA tó gbẹ kì í bẹ̀rù NEPA. Ọjọ́ tí fírísà bá yọ́, o máa gé bébà yẹn sínú omi, o máa tún gbé e wọ inú E. coli. Tí plasmid rẹ bá jẹ́ ti kanamycin (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kò ní plasmid), ọpẹ́ ni. Ti ampicillin, sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn máa ń jẹ oògùn náà tán nínú omi, àwọn tó ti sọ plasmid nù á sì máa pọ̀ láàárín wọn.

Akọ̀wé_Ìwádìí
Kékeré lèmi fẹ́ fi kún un. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ biosafety ilé ẹ̀kọ́ yín bóyá ìwé àṣẹ ti wà fún iṣẹ́ yìí. Láti ọdún 2015 ni òfin National Biosafety Management Agency ti wà, E. coli tí a yí padà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbé 5 lítà rẹ̀ kalẹ̀, ó yẹ kó mọ bó ṣe máa pa á kó tó dà á nù.

Kí ẹ sì ya tábìlì kan: purotéènì lápapọ̀, agbára énsáìmù lápapọ̀, agbára nínú mílígíráàmù kan, ìdá tó kù. Gbogbo ìpele, láti orí sẹ́ẹ̀lì fífọ́ dé orí ooru 70°C. Tábìlì yẹn ni ẹ máa gbé lọ bá ọ̀gá. Ẹ má bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ẹ tẹ gel náà sórí bébà, omi òkè àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ gbé e lé tábìlì wọn, kí ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin sà, èwo nínú méjèèjì ni ká sọ di 5 lítà?"

Ọmọ_Òṣogbo
Ẹ̀yin àgbà mi, mo padà dé. Mo yọ EDTA kúrò, mo fi kálísíọ̀mù sí i, mo se sítáàṣì náà, mo dín omi inú ìgò kù, 30°C, IPTG 0.1. Omi òkè tí mo gbé gba 70°C kọjá ti ń gé sítáàṣì o! Áyódíìnì ò dúdú mọ́, ó di pupa rúsúrúsú, lẹ́yìn náà ó mọ́ kedere. Ẹlẹ́rìí dúdú síbẹ̀. Lórí gel, ìlà 55 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan. Ọ̀gá wò ó, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un ṣe lójú wọn.

Àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ṣé kí n dà á nù?

Dókítà_Houston
Ẹ kú oríire! Ẹ má dà á nù. Insulin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jíìnì ènìyàn ṣe nínú bakitéríà, tí wọ́n fọwọ́ sí fún aláìsàn ní 1982, nínú inclusion body E. coli ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká. Ẹ fi yúríà 8 M tú u, kí ẹ rọra máa kán an sínú Tris tó tutù tó ní kálísíọ̀mù, kí Tris náà pọ̀ tó ìlọ́po 20 sí 50 rẹ̀. Ẹ po yúríà lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó, ẹ má gbé e sórí iná, tó bá gbóná á di cyanate, á sì lẹ̀ mọ́ purotéènì yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán 25°C ti Ìyá wò, owó rẹ̀ kéré jù.

Ìyá_Láàbù
Yúríà ti láàbù o! Ọmọ kan lọ́dún náà lọ bu ti àjílẹ̀ lóko bàbá rẹ̀ wá fún mi.